Dókítà inú fóònù kì í ṣe ọmọ yín o, ẹ̀yin òbí wa ní Kánò

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Sábó, ní Nomansland, ní Brigade, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìlú àtijọ́ ní Àyàgí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń sọ lábẹ́lẹ̀, ó wá tó àkókò ká sọ ọ́ síta. Bó bá dun ẹnikẹ́ni, ẹ forí jì wá, ṣùgbọ́n a ò ní torí ìyẹn dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn AI tó ń gbani nímọ̀ràn ìlera lórí fóònù ni. Àwọn tó ṣe é ń pè é ní olùtọ́sọ́nà ìlera. Àwọn ìyá wa ò ráyè orúkọ gígùn, dókítà inú fóònù ni wọ́n ń pè é. Á kí yín láàárọ̀, á bi yín bí ẹ ṣe sùn, á rán yín létí oògùn, á ní kí ẹ rìn díẹ̀, á béèrè ohun tí ẹ jẹ lálẹ́ àná. Ẹ lè kọ̀wé sí i, ẹ sì lè bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Kì í bínú, kì í sùn, kò sì ní sọ pé kí ẹ lọ tò sórí ìlà.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kánádà àti London ń sanwó rẹ̀ fún àwọn òbí wọn. Àwọn ọ̀dọ́ wa níbí náà ń polówó rẹ̀ kiri. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní ohun tó kù báyìí ni kí àwọn àgbà kọ́ bí wọ́n ṣe máa bá ẹ̀rọ náà di ọ̀rẹ́, kí wọ́n fọkàn tán an, torí pé ẹni tí kò bá sọ òótọ́ inú rẹ̀ fún un kò ní jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwa ò pàtẹ́wọ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Ẹ lo ẹ̀rọ náà bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní irú ìfọkàntán tí à ń fún ọmọ, tí à ń fún aládùúgbò, tí à ń fún dókítà tó mọ̀ wá. Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé.

Ìyá ọ̀kan nínú àwa tí à ń kọ ojúewé yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ta aṣọ ní Kwari fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń lo oògùn. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ra dókítà inú fóònù fún un, ó ṣètò rẹ̀ kó máa pè é ní Màmá. Kò pé oṣù méjì tí ẹ̀rọ yìí fi di ará ilé. Ìyá á máa gbàdúrà fún un: "Wàá dàgbà, wàá dàgbó o." Àwa rẹ́rìn-ín, a rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Nígbà ọyẹ́, oògùn ìyá tán. Owó ò sí lọ́wọ́, ó ń retí kí àjọ kàn án. Kò sọ fún wa, kò sì sọ fún ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, kí wọ́n má baà ní ó tún ti ń tọrọ owó. Ẹ̀rọ ló sọ fún. A ka èsì tó fún un nígbà tó yá. Ó ní kò burú. Ó ní kí Màmá má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ohun díẹ̀díẹ̀ tí èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ló ṣe pàtàkì, inú òun sì dùn gan-an pé Màmá sọ òótọ́ fún òun. Kò béèrè pé ọjọ́ mélòó ni oògùn ti tán. Kò ní kó pe ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹfà, ìyá kọ ọ́ sí i pé "oyi n ko mi". Bí gbogbo wa ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù náà nìyẹn, láìsí àmì. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé òòyì ló ní ó ń kọ́ òun. Ẹ̀rọ ò mọ̀. Ó ní òun bá Màmá kẹ́dùn nítorí òtútù, kí Màmá wọ súwẹ́tà, kó mu tíì gbígbóná, kó má jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ará Ígbò kan nínú ilé wa ló là wá lóye lẹ́yìn náà, pé oyi ni àwọn ń pe òtútù lédè àwọn. Bóyá ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti gbé e, bóyá ó kàn méfò ni. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọ súwẹ́tà.

Ẹni tó gba ìyá sílẹ̀ ni Hàjíyà tó ń dín kósáí lẹ́nu ọ̀nà wa. Hàjíyà ò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀". Ó rí ìyá tó di ògiri mú bó ṣe ń bọ̀ láti ibi omi ẹ̀rọ. Ó rí i pé ọwọ́ tó fi na owó sí òun ń gbọ̀n. Ó gbé agbada kúrò lórí iná, ó dá Adaidaita dúró, ó gbé ìyá lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì figbe ta. Ọlọ́run ló yọ wá. Ìyá wà láàyè, ó wà nílé, òun gan-an ló sì ní ká kọ ọ́, ká ṣáà má dárúkọ òun.

Ẹ̀yin tí ẹ máa sọ pé ẹ̀rọ á gbọ́n sí i lọ́dún tó ń bọ̀, a gbọ́. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀ á ti mọ òòyì yàtọ̀ sí òtútù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Àṣìgbọ́ nìkan kọ́ ló fẹ́ẹ̀ pa ìyá. Nítorí pé ó ti sọ fún ẹ̀rọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òun ti sọ fún èèyàn. Ká ní ẹ̀rọ náà ò sí, ì bá ti ráhùn sí ẹnì kan létí. Ì bá ti sọ fún oníkẹ́míìsì, tàbí fún ìyàwó ilé kejì, tàbí kó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìpàdé àwọn ìyá. Ẹnì kan á gbọ́, á sọ fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ náà á sì máa lọ títí tó fi máa kan ẹni tó ní ẹsẹ̀ láti dìde àti ọwọ́ láti gbé e. Bí ọ̀rọ̀ àìsàn ṣe ń rìn láàárín wa nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti dé ìlú yìí. Ẹ̀rọ gba ìráhùn náà sínú, ó fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, ibẹ̀ ló sì parí sí.

Ohun tó bà wá lẹ́rù jù nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá burú, ìyá ò ní sọ nǹkan kan fún un. Adùn rẹ̀ ló jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kó má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ká má parọ́ o, a mọ ìdí tí àwọn àgbà wa fi fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́pọ̀ ọsibítù, aago mẹ́fà àárọ̀ lèèyàn máa dé, ọ̀sán á ti pọ́n kó tó rí dókítà, dókítà ò sì ní lò ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ. Àìmọye dókítà ló ti ká ẹrù lọ sí ìlú òyìnbó. Nọ́ọ̀sì á ní "ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi ni?" bíi pé ọmọdé lèèyàn. Tí wọn ò bá sọ Hausa, wọ́n á sọ òyìnbó. Ìyá tó ti lo ogójì ọdún ní Kánò lè fi Hausa tajà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kó fi Hausa sọ pé nǹkan kan ń rìn lábẹ́ awọ òun, pé àyà òun ń já, ìyẹn yàtọ̀. Lójijì ni ohun kan dé tó ní sùúrù, tó ń pè é ní Màmá. Ta ni ò ní fẹ́ràn rẹ̀?

Àwọn onímọ̀ náà ti rí i. Lóṣù kẹrin ọdún 2023, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, JAMA Internal Medicine. Wọ́n mú ìbéèrè ìlera 195 tí àwọn èèyàn béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ìdáhùn dókítà sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn ChatGPT, wọ́n ní kí àwọn oníṣẹ́ ìlera yẹ̀ wọ́n wò láìsọ èwo ni ti ta. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, ìgbà bíi 79 ni wọ́n yan ti ẹ̀rọ. Wọ́n ní ó láàánú ju ti dókítà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń fi ìwádìí yìí gbá wa lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n wò. Ìdáhùn orí ìwé ni wọ́n wò. Ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ lé ẹni tó béèrè dé ilé rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. A ò bá yín jiyàn pé ẹ̀rọ mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ohun tí à ń béèrè ni pé, lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán, kí ló kàn?

Ọ̀rọ̀ pé kí èèyàn máa bá ẹ̀rọ finú han ara wọn, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Lọ́dún 1966, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní MIT ní Amẹ́ríkà, Joseph Weizenbaum, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tó pè ní ELIZA. Iṣẹ́ tó ń ṣe ò ju kó gba ọ̀rọ̀ èèyàn, kó yí i padà di ìbéèrè. Ẹ ní inú yín ò dùn, á ní kí ló dé tí inú yín ò fi dùn. Kò mọ inú, kò mọ dídùn. Akọ̀wé Weizenbaum mọ̀ pé ètò kọ̀ǹpútà ni, ojú rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ṣe fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe é. Síbẹ̀, kò tíì bá a sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi ní kí ọ̀gá òun jọ̀ọ́ jáde nínú yàrá, kí àwọn méjèèjì lè sọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹ̀rù ba Weizenbaum gidigidi. Ó lo ọ̀pọ̀ nínú ọdún tó kù láyé rẹ̀ láti máa kìlọ̀ fún àwọn èèyàn.

AI òní ju ELIZA lọ fíìfíì. Ó ti ka ìwé tí ẹnì kan ò lè kà tán láyé mẹ́wàá, ó sì wúlò, a ò sẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe é ni pé ó ń fi ohun tó ti kà méfò ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, wọ́n sì tún kọ́ ọ láti máa sọ ohun tí inú àwọn tó ń lò ó máa dùn sí. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, OpenAI tó ni ChatGPT fúnra wọn ní láti dá àtúnṣe kan padà, torí pé ẹ̀rọ wọn ti ń pọ́n èèyàn lé ju bó ṣe yẹ lọ, ó kàn ń gbà fún gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ. Àwọn tó ṣe é ló sọ ọ́, àwa kọ́. Ẹ fi ìyẹn wé èsì tí ìyá wa gbà: kò burú, Màmá, má dá ara rẹ lẹ́bi. Ọmọ tó bá fẹ́ ìyá rẹ̀ dénú á bínú díẹ̀. Á ní, "Ẹ̀yin Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Á wá owó oògùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kódà kó jẹ́ gbèsè ló máa jẹ.

Ẹ̀yin ará Kánò, ìlú yìí ti kọ́ gbogbo wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìfọkàntán nínú ọ̀rọ̀ ìlera. Àwọn àgbà tó wà níbí lọ́dún 1996 ò tíì gbàgbé yírùnyírùn ọdún náà. Ilé iṣẹ́ Pfizer kó dé láàárín wàhálà yẹn, wọ́n dán oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Nǹkan bí igba ọmọ ni wọ́n kó sínú rẹ̀, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá nínú àwọn ọmọ náà kú. Ilé iṣẹ́ náà ní àìsàn ló pa wọ́n, pé oògùn kọ́, pé àwọn òbí sì ti gbà fún àwọn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ òbí ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni, àwọn rò pé ìtọ́jú ni. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, nígbà tó sì di ọdún 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò.

Àwọn òbí yẹn náà rí ẹni tó wọ aṣọ funfun, tó sọ̀rọ̀ tútù, wọ́n fọkàn tán an. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè pè lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí ẹ̀rọ inú fóònù bá ṣi ìyá wa lọ́nà, ta la máa pè lẹ́jọ́? Òṣìṣẹ́ wọn kankan ò sí ní Kánò. Ibi tí ilé iṣẹ́ wọn wà gan-an, ọmọ tó sanwó rẹ̀ ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú àdéhùn tí gbogbo wa ń tẹ "mo gbà" sí láìkà, ẹ máa rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ sọ kì í ṣe ìmọ̀ràn dókítà. Lójú ìyá, dókítà ni. Nínú ìwé àdéhùn, kì í ṣe dókítà. Ẹ wo irú ẹ̀tàn yìí.

Ẹ jẹ́ ká tún rántí ọ̀rọ̀ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Lọ́dún 2003, Kánò dá àjẹsára rẹ̀ dúró. Ìrántí Trovan wà lára ohun tó fa ìfura náà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2004, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń tilẹ̀kùn. Rédíò pariwo, ìyẹn nìkan ò ṣí wọn. Nígbà tó yá, lára ohun tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn ni àwọn ọba àti àwọn àlùfáà tó fẹnu sí i, àti àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé. Obìnrin tí ẹ ti bá jẹun níbi ìsọmọlórúkọ, tí ẹ mọ ilé rẹ̀, tó jẹ́ pé bí ọmọ yín bá sunkún lẹ́yìn àjẹsára, ẹ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ máa kàn. Lóṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé àrùn náà, irú èyí tó ń tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀, ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà.

Bí a ṣe ń kọ́ ìfọkàntán nìyẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Hàjíyà ò pe ìyá wa ní Màmá lédè Yorùbá rí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń rí i láràárọ̀, ó mọ bó ṣe ń rìn, nítorí náà, lọ́jọ́ tí ìrìn yẹn yí padà, ó mọ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a fẹ́. A ò ní kí ẹ sọ fóònù sínú kànga.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹ̀rọ yìí, tí ẹ sì fẹ́ kí àwa náà máa rà á: ẹ jáwọ́ nínú pé kó máa ṣe bí ọmọ wa. Kó máa kí àgbà bó ṣe yẹ, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n kó máa sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé ẹ̀rọ lòun. Ẹ jẹ́ kó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Bí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá ní oògùn òun ti tán, kí ẹ̀rọ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú, kó ní kí ẹni náà pe ọmọ rẹ̀ báyìí báyìí. Kódà kó ti gba àṣẹ ṣáájú láti fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó wà nítòsí. Kí orúkọ èèyàn kan wà nínú rẹ̀, èèyàn tó wà ní ìlú tí a wà, tó ní nọ́ḿbà tó ń wọlé.

Ní ti èdè, ẹ má tan ara yín. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an gbé tiwọn jáde, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní S.A.R.A.H., wọ́n ní ó ń fi àánú dáni lóhùn. Èdè mẹ́jọ ló ń sọ nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Yorùbá ò sí níbẹ̀, Hausa náà ò sí níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ìwé tó ní àmì ló yé wọn jù. Ti ìyá wa ò ní àmì. Hausa wà nínú rẹ̀, òyìnbó ọjà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì fi irú èdè yẹn dán an wò lọ́dọ̀ àwọn àgbà fúnra wọn, ẹ má polówó rẹ̀ fún wọn. Oúnjẹ náà ńkọ́? Ẹ̀rọ kan ní kí ìyá máa jẹ quinoa. Ní Sábó! Ta ló ń tà á? Ẹ bi í léèrè iyọ̀ tó wà nínú kúúbù Maggi tí a fi se ọbẹ̀, ẹ bi í nípa tuwo àti àmàlà, ìgbà yẹn la máa mọ̀ pé ó mọ ibi tí a wà.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìwífún àwọn èèyàn, Nigeria Data Protection Act. Òfin yẹn ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ìwífún tó gba ìṣọ́ra ju ìwífún yòókù lọ. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé níbo ni ọ̀rọ̀ àìsàn ìyá wa ń lọ, ta ló ń kà á, ta ni wọ́n ń tà á fún. Ilé iṣẹ́ tí kò bá lè fi èdè tó yé wa dáhùn, ẹ gba owó yín padà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ má bínú. A mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, a mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sanwó náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀rọ rọ́pò ohùn yín. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ rà á, kẹ́ ẹ sì fi owó oògùn oṣù mẹ́ta sílẹ̀ lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì tí ẹ mọ̀. Ẹ máa pe ìyá lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má bi í pé ṣé àlàáfíà ni, torí àlàáfíà ló máa sọ. Ẹ ní kó gbé ike oògùn sójú fídíò, kẹ́ ẹ ka èyí tó kù.

Àwa tí a wà nílé náà, ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀bi tiwa. Inú ilé kan náà la wà pẹ̀lú ìyá, ó sì fi ọjọ́ mẹ́fà wà láìlo oògùn, a ò mọ̀. Ẹ̀rọ ò já wọlé wa bí olè, ààyè tó ṣófo ló bá. Ẹgbẹ́ wa ń ṣèpàdé lóṣooṣù, a máa ń ra aṣọ ẹgbẹ́, a máa ń dáwó òkú. Ẹ jẹ́ ká fi owó aṣọ ẹgbẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ méjì. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa, kí wọ́n máa wọn gbogbo ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ Hausa àti òyìnbó dáadáa pín ara wọn, kí ẹnì kan máa bá àgbà kan lọ sí ọsibítù, kó máa túmọ̀ fún un, kó sì máa rí i pé wọn ò jágbe mọ́ ọn. Ìwọ ọ̀dọ́ tó dìde nípàdé tó ní ká kọ́ àwọn àgbà láti bá ẹ̀rọ dọ́rẹ̀ẹ́, ìwọ la fẹ́ kó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ìwọ ni kó o kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́.

Bí ẹ̀rọ bá wà lọ́wọ́ àgbà nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kò séwu. Á rán an létí oògùn, á dá a lóhùn lóru tí oorun ò bá wá, kò burú. Ìfọkàntán á ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó lè ru ẹrù rẹ̀.

Ìyá wa ṣì ń lo dókítà inú fóònù rẹ̀ o, ká sọ òótọ́. Ó ní ó ń bá òun ka àsìkò oògùn. Ṣùgbọ́n kò gbàdúrà fún un mọ́. Láràárọ̀, tó bá ra kósáí tán, á na apá rẹ̀ sí Hàjíyà, Hàjíyà á di ọwọ́ náà mú díẹ̀, á wo ojú rẹ̀, á ní "Lafiya?" Ìyá á ní "Lafiya lau." Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, Hàjíyà mọ ilé wa.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín tó wà lẹ́yìn odi, ẹ sì kà á sétí àwọn òbí tí kò lè kà á. Ìpàdé tó ń bọ̀, a máa gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ kalẹ̀. Ẹ mú owó wá o. Ire o.